Irin Tí Mo Lọ̀ Lórí Ọlọ Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré débi pé mo ní láti gun àpótí kí ọwọ́ mi tó tó orí ọlọ, ata lílọ̀ ni iṣẹ́ mi nínú agbo ilé wa ní Pàkátà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ọlọ ayé ìgbà náà, èyí tí wọ́n fi amọ̀ mọ ìdí fún ní ẹ̀yìnkùlé, tó rẹlẹ̀ sí apá kan kí ata lè máa ṣàn bọ́ sínú àwo. Ìyá mi a máa dín mọ́sà tà láàárọ̀, wọ́n a sì máa se ọbẹ̀ fún gbogbo ilé nírọ̀lẹ́, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí ọlọ náà ń sinmi. Bí mo bá ti ti ilé-kéwú dé, tí mo gbé wàláà mi kọ́ sára ògiri, ọlọ ló kàn. Ata á ta sí mi lójú, màá fi apá nu ojú, apá náà á tún ní ata lára. Bí mo ṣe ń sunkún ni mo ń lọ ata lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo mọ̀ ọ́n lọ̀. Nínú gbogbo agbo ilé, kò sí ọmọbìnrin tí ata rẹ̀ kúnná bíi tèmi. Àwọn ìyá máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé èèyàn lè fi ata Àwáwù lé tìróò bí kò bá bẹ̀rù ojú ara rẹ̀. Orí mi a máa wú bí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí wíwú náà ló kó bá mi nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Iwájú ilé, lábẹ́ àtíbàbà, ni Bàbá Àgbà máa ń jókòó sí. Àwọn ni wọ́n bí bàbá mi. Onílántànà ni wọ́n. Ẹ mọ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí àwọn ọba àti ọlọ́lá ń wọ̀ láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé Ìlọrin níbí ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn Gàmbàrí oníṣòwò ló ń kó òkúta rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá Àgbà á fi òòlù kékeré la òkúta náà, wọ́n á fi irin ẹnu ṣóńṣó dá ihò sí i, wọ́n á wá máa lọ̀ ọ́ lórí òkúta pẹrẹsẹ oríṣiríṣi, láti orí èyí tó ń ha èèyàn lọ́wọ́ dé orí èyí tó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ kan lè gbà wọ́n lọ́jọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ọkọ̀ ojú irin ń kó bọ̀ láti Èkó ti gba ọjà lọ́wọ́ lántànà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni Bàbá Àgbà ń jókòó ti òkúta wọn láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Bàbá mi kọ́ṣẹ́ náà lábẹ́ wọn láti kékeré, wọ́n sì kúrò nídìí rẹ̀. Wọ́n lọ ń gbé lẹ́tà fún ọ́fíìsì ìjọba, láti apá ibi tí ẹ ń pè ní GRA lónìí lọ sí Ṣàárẹ́ àti Láfíàgí. Ìyá mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí bàbá mi gbé òòlù wọn sílẹ̀, gbólóhùn méjì péré ni Bàbá Àgbà sọ: “Òkúta kì í sáré. Ẹni tó bá ń sáré, kó máa sá lọ.” Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló ṣẹ́kù láàárín wọn. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, Bàbá Àgbà á ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, ó parí. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n bíi pé odò Asà ló wà láàárín wọn.

Ẹsẹ̀ ni bàbá mi kọ́kọ́ fi ń gbé lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, òyìnbó kan tó ń lọ sílé fi alùpùpù rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fún ọ́fíìsì, ọ̀gá sì ní kí bàbá mi máa fi í ṣiṣẹ́. Ẹni kejì kò gun irú rẹ̀ ní Pàkátà. Bó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ewúrẹ́ á sá wọlé, àwa ọmọdé á sì sá jáde. Ó ń rùn bí àtùpà, ó ń gbóná, ó ń da epo sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí, ìyá mi sì ń kùn pé òun ti gbálẹ̀ títí, ilẹ̀ ò mọ́. Èmi ní tèmi fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá Àgbà kò wò ó rí. Bó bá ti ń dún bọ̀, wọ́n á tẹ orí ba mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wọn.

Bó ṣe di ọjọ́ kan nìyẹn, alùpùpù kọ̀, kò dún mọ́. Láàárín oko, nítòsí Ṣàárẹ́, ló kú sí. Bàbá mi tì í wálé, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn ín. Tí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ irin tí wọ́n fi ń jí i, ńṣe ló ń lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, kò sí nǹkan kan nínú tó ń bá ẹsẹ̀ jà. Ọ̀gá ọ́fíìsì fi ọ̀rọ̀ rán akọ̀wé rẹ̀ sí bàbá mi: bí oṣù ààwẹ̀ bá lé tí alùpùpù kò tíì dún, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ọkùnrin kan tó ní ẹṣin. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́ tí oṣù ààwẹ̀ á fi lé. Èmi tí mo kéré mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, ìdí òkúta ni bàbá mi máa padà sí, wọ́n á sì ní láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ fún ìyá mi pé àwọn yóò kúkú lọ máa ru ẹrù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Lónìí, ẹni bá ní alùpùpù kò ní í wá mẹkáníìkì, mẹkáníìkì ló máa wá a. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà gan-an kò tíì wọ Pàkátà. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi kọ́kọ́ lọ bá, nítorí pé irin ni irin ń jẹ́. Alágbẹ̀dẹ wò ó yíká, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi í sínú iná díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè yá. Bàbá mi ti ń tì í lọ kó tó sọ ọ́ tán. Wọ́n lọ bá awakọ̀ kan tó ń wa lọ́rì, òun ní kí wọ́n gbé e sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì gbé e sóòrùn. Adìẹ kan yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lọ bá àlùfáà wa ní ilé-kéwú. Àlùfáà rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní àwọn lè tọrọ àdúà fún ẹni tó ń gùn ún, ṣùgbọ́n irin kò ní etí tó fi ń gbọ́ kéwú.

Ẹnìkan ló wá júwe fítà fún wọn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní ibùdó. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, onígbàgbọ́, Jóònù lorúkọ rẹ̀. Ó wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀ sókè, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì náà. Mo jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó ti ń yọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń tò ó sórí ẹní, èmi náà sì ń sọ wọ́n lórúkọ lọ́kàn mi bí a ṣe ń sọ ohun èlò nígbà tí a bá ń ṣeré ilé: ìdérí ìkòkò, òrùka ìyàwó, ìgbákọ, odó kékeré. Ohun tó mú jáde kẹ́yìn rí bí olú tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ó fi ìka ra etí orí rẹ̀, ó mi orí. Fáàfù nìyẹn, ọmọ ìdérí tó ń ṣí tó ń pa dé nínú ẹ́ńjìnnì. Ojú rẹ̀ ti jẹ, kò lè pa dé mọ́, ibẹ̀ sì ni èémí ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde.

Bàbá mi ti lọ kírun Alásárì nígbà náà. Fítà kò lè dúró, nítorí pé wọ́n ti ní kó lọ ṣiṣẹ́ ní Mìnà, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sì máa gbé e. Ó fọ ọwọ́, ó pè mí.

“Ìwọ ọmọ yìí, sọ fún bàbá ẹ pé kò sí nǹkan mìíràn tó ṣe é. Kí wọ́n lọ̀ ọ́. Kí wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa títí ojú ẹ̀ á fi kúnná.”

Ó fi fáàfù náà lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Kí wọ́n lọ̀ ọ́, kó kúnná. Ta ló mọ nǹkan lọ̀ tó kúnná ní gbogbo Pàkátà? Mo wo ọ̀nà mọ́sálásí, bàbá mi kò tíì yọ. Mo ní lọ́kàn mi pé kí wọ́n tó dé, màá ti parí rẹ̀, ìdààmú á sì tán nílé wa.

Mo fọ ọlọ ìyá mi kí ata má baà kù lórí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ṣe é tìṣọ́ratìṣọ́ra. Mo gun àpótí mi, mo wọ́n omi sí i bí a ṣe ń ṣe fún ata gbígbẹ, mo di ẹsẹ̀ fáàfù mú, mo sì ń lọ orí rẹ̀ síwá-sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ó ń han gooro. Omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú àwo, mo sì gbà pé àìsàn alùpùpù ló ń jáde. Nígbà tí apá kan ojú rẹ̀ ti ń kọ mànà bí owó fàdákà, mo fọ̀ ọ́, mo fi etí aṣọ mi nù ún, mo jókòó de bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, fítà ní kí a lọ̀ ọ́,” mo wí. “Mo ti lọ̀ ọ́.”

Wọ́n gbà á, wọ́n yí i po. Apá kan ti pẹlẹbẹ, gbogbo ojú rẹ̀ sì ti kún fún ìlà híha. Wọ́n sáré lọ sí ibùdó ọkọ̀, ariwo ọkọ̀ tó ń lọ ni wọ́n bá. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n jókòó sórí ẹní láàárín àwọn irin tí fítà tò, wọn ò sì nà mí. Ìbá sàn kí wọ́n nà mí. Èkó ni irú fáàfù bẹ́ẹ̀ wà bó bá wà rárá, bí ọjọ́ márùn-ún ló sì kù kí oṣù ààwẹ̀ lé. Mo mọ̀ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ bàbá mi jẹ́, ojú tì mí débi pé mi ò lè sunkún.

Ní ti ìyá mi, wọn ò ro ti fáàfù. Ọlọ ló dùn wọ́n. Irin ti fa ọgbun sí i láàárín, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n sì gbé ọmọ ọlọ lé e. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ ọlọ rí mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ń gbé ṣeré. Wọ́n ń wí fún mi láti ẹ̀yìnkùlé dé iwájú ilé, ohùn wọn sì dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà.

Bàbá Àgbà dé, wọ́n fi ọ̀pá wọn ti ilẹ̀. “Kí ni Àwáwù ṣe?”

“Irin ló lọ̀ lórí ọlọ ata mi, Bàbá,” ni ìyá mi wí.

“Irin wo?”

Ọ̀rọ̀ alùpùpù kì í wọ etí Bàbá Àgbà nínú ilé yẹn. Bàbá mi ló wá dìde, tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé fáàfù náà fún wọn. Bàbá Àgbà gbé e sójú oòrùn. Wọ́n fi èékánná àtàǹpàkò wọn yí etí rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀, wọ́n dijú bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan. Wọ́n bi mí ohun tí fítà sọ gan-an, mo sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

“Fítà kò purọ́,” ni wọ́n wí. “Lílọ̀ ló ń fẹ́ lóòótọ́. Òkúta lọmọ yìí ṣì. Òkúta ata kì í ṣe òkúta ìlẹ̀kẹ̀.” Wọ́n ní kí ìyá mi gba ọmọ ọlọ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ̀rọ̀ láìwo ojú bàbá mi: “Ọwọ́ ọmọdé ò wúwo, kò tíì bàjẹ́. Gbé ilé tó ń gbé wá.”

Ilé tó ń gbé ni ara ẹ́ńjìnnì tí fáàfù náà ń jókòó sí. Bàbá mi gbé e wá sábẹ́ àtíbàbà. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àgbà kọ́kọ́ lọ ojú irin náà lórí òkúta tó ń hani lọ́wọ́ títí ó fi padà rí roboto, wọ́n sì gbé e lọ sórí èyí tó rọ̀ jù ú lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọn ìyẹ̀fun òkúta pupa tó wà nídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n ní kí n fi òrí pò ó kó dà bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n fi ìyẹn pa etí fáàfù, wọ́n tì í bọ ilé rẹ̀, wọ́n fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí igi náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìgbà tí èèyàn ń ta òkòtó tí kò fẹ́ kó lọ. Ẹ́ńjìnnì kò lè dá dúró, bàbá mi ló ní láti jókòó kojú wọn kí wọ́n dì í mú.

“Dì í mú.”

“Mo dì í mú, Bàbá.”

“Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n. Kì í gbọ̀n tẹ́lẹ̀.”

“Ó ti pẹ́ ni, Bàbá.”

Bàbá Àgbà ń yí igi náà lọ. “Ó ti pẹ́ lóòótọ́,” ni wọ́n wí. Mo ń po òrí, mo sì ń wò wọ́n. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn, nípa òjò, nípa ìgbà tí bàbá mi gé ìka ara wọn níbi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n kéré bíi tèmi. Ìyá mi gbé mọ́sà fún wọn, wọ́n jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan. Nígbà tí ìyá mi padà dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó ló wà nínú ṣòkòtò yìí. Wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ ọlọ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Bàbá Àgbà ki fáàfù bọ ilé rẹ̀, wọ́n bu omi lé e lórí, wọ́n sì fi òwú funfun sí abẹ́ rẹ̀. A kírun Mọ̀ǹgàríbì, a jẹun, a padà wò ó. Òwú náà gbẹ. Ẹ̀kán omi kan kò kọjá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá ku bí wọ́n ṣe máa tò ó padà. Òjò ti rọ̀ láàárín kan, ìyá mi sì ti yára kó gbogbo irin orí ẹní sínú igbá, wọ́n ti dàrú. Bàbá mi wo inú igbá náà títí. Èmi ni mo bá sọ pé ìdérí ìkòkò ló kọ́kọ́ jáde, òrùka ìyàwó ló tẹ̀lé e, pé ìgbákọ ló jáde kí odó tó jáde. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Bí mo ṣe ń kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú ni wọ́n ń tò ó. Ó kù díẹ̀ kí ó di ọ̀sán, ó ti pé, ẹyọ kan kò ṣẹ́kù nínú igbá.

Bàbá mi gùn ún lójú gbogbo agbo ilé. Wọ́n tẹ irin náà. Kò lọ wọ̀ọ̀ mọ́, ó ń ti ẹsẹ̀ wọn padà sókè. Wọ́n wo Bàbá Àgbà. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dún, ewúrẹ́ sá wọlé, ìyá mi sì fi ọwọ́ dí etí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé mi, Bàbá Àgbà gbé orí sókè, wọ́n wo alùpùpù náà. Wọ́n tilẹ̀ dìde, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara rẹ̀ títí ó fi gbóná jù fún wọn. Bàbá mi pa á, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú epo tó ń dà sílẹ̀. 

“Dìde,” ni Bàbá Àgbà wí. “Mo ní òkúta kì í sáré. Àṣé ó ń sáré. Máa gbé e lọ.”

Ọjọ́ kejì ni oṣù ààwẹ̀ lé. Bàbá mi ti gbé lẹ́tà dé Ṣàárẹ́ nígbà tí a rí oṣù náà.

Bàbá Àgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní fítà. Nígbà tí awakọ̀ lọ́rì tó ní ká gbé alùpùpù sóòrùn gbé fáàfù tirẹ̀ wá, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e, wọ́n á ní onílántànà ni àwọn, wọ́n á sì gba irin náà lọ̀. Ìdí òkúta náà ni wọ́n wà títí wọ́n fi lọ bá Ẹlẹ́dàá wọn. Bí bàbá mi kò bá sí lójú ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ wọn ni wọ́n máa ń wà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wo Ìlọrin lónìí. Láti Post Office dé Basin, abẹ́ igi wo ni kò ní mẹkáníìkì? Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin ní alùpùpù. Nígbà tí fáàfù tirẹ̀ bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá, mo bi í bóyá wọ́n máa lọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá, ẹ̀yin náà. Tuntun là ń rà.” Ó ra tuntun nínú páálí, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti gùn ún lọ. Mi ò bá a jà, ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti alùpùpù láti Ṣàárẹ́ mọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó jókòó kojú bàbá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀.

Èmi ni mo jogún ọlọ náà. Ilé mi ló wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ni àwọn ọmọ fi ń lọ ata tiwọn. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yọ̀ jù, mo máa ń pe ẹni tó ń fi irin sọ ojú ọlọ pé kó wá sọ ọ́, mo sì máa ń jókòó tì í, nítorí pé gbogbo wọn ló máa ń fẹ́ bá mi sọ ọgbun àárín rẹ̀ kó dọ́gba. Mi ò gbà. Kóró ata máa ń há síbẹ̀. Bí mo bá lọ ata tán, mo máa ń fi èékánná àtàǹpàkò mi yọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, pẹ̀lú ojú dídì.